Bọ́lá, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ gún ọ yẹn

Ìbàdàn

Bọ́lá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí bàbá Táyọ̀ àti àwọn ọmọ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ohun tó bá ń dun ni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni; gbogbo ojú ìwé, èjìká, èjìká! N ò bá ọ wí. Ẹni tó ń gbé arúgbó sókè lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́jú, kò ní ṣàì ro ó.

O ní físíò (physiotherapist) rẹ ní Leeds, nílùú Òyìnbó, fẹ́ ṣe dry needling fún ọ, ìyẹn abẹ́rẹ́ tí a ń gún sínú iṣan tó le kí ìrora lè dẹ̀, o sì ń bẹ̀rù oògùn tí wọ́n fẹ́ fà sí ọ lára. Kò sí oògùn níbẹ̀ rárá. Abẹ́rẹ́ náà kò tilẹ̀ ní ihò, ó sì tín-ín-rín ju èyí tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ lọ. Níbí, bí mo bá ti mú un jáde báyìí, ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, "Oògùn ẹ̀ dà?" Abẹ́rẹ́ lásán kì í jọ àwọn èèyàn wa lójú.

Oògùn ni wọ́n kúkú fi bẹ̀rẹ̀. Dókítà Janet Travell, obìnrin tó tọ́jú ẹ̀yìn Ààrẹ John Kennedy ní Amẹ́ríkà, máa ń fa oògùn sí kókó inú iṣan tó ń dunni. Ní 1979 ni Karel Lewit, dókítà kan ní Czechoslovakia, kọ ọ́ jáde pé abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ń dẹ ìrora, oògùn ì báà wà níbẹ̀, ì báà má sí. Irú abẹ́rẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà fi ń ṣe acupuncture ni, àmọ́ ìlànà tiwọn yàtọ̀ sí ti àwa físíò. Ìka la fi ń wá ibi tí iṣan ti le.

Wọn á ní kí o dojú bolẹ̀. Físíò á máa fi ìka tẹ àárín ọrùn sí èjìká rẹ títí á fi bá ibi tó le gbagidi, tó jẹ́ pé bó bá tẹ̀ ẹ́, ìrora á gbà á lọ sí ẹ̀bátí. Á gbé ọ̀pá róbà kékeré lé e, á fi ìka ta ìdí abẹ́rẹ́ wọlé. Ìyẹn ò dunni. Ìgbà tó bá kan kókó yẹn ni iṣan á ta kìjí fúnra rẹ̀, á wá fà bíi pajápajá, á sì dẹ̀. Télọ̀ kan tí mo ṣe é fún ní, "Aṣọ tí mo ti ń gún látọjọ́ yìí ló ń gbẹ̀san." Ní ọjọ́ kejì, ibẹ̀ á máa ro ọ́ bí ẹni tó gún iyán ìnáwó. Má fòyà, á lọ.

Ẹ̀dọ̀fóró ló yẹ kí o bẹ̀rù, torí kò jìnnà sí èjìká. Kò wọ́pọ̀ kí abẹ́rẹ́ kàn án, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀. Bí àyà bá ń ro ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, tàbí mímí ṣòro, pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn níbẹ̀, lójú ẹsẹ̀. Tún sọ fún wọn bí o bá ń lo warfarin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí bí o bá lóyún (mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín).

Èmi kì í pè é ní ìwòsàn. Ìrora á dẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn fún oṣù díẹ̀, àsìkò yẹn gan-an ló sì yẹ kí o fi fún iṣan náà lágbára. Físíò tó bá gún ọ tán, tó ní kí o máa lọ sílé láì kọ́ ọ ní eré ìdárayá kankan, wá ẹlòmíì.

Ó ku ohun kan tí o sáré kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà, pé ìka rẹ máa ń kú lóru. Ṣé o sọ fún wọn? Ó lè jẹ́ ọrùn ni ìrora ti ń wá, bóyá nǹkan kan tẹ iṣan ìmọ̀lára (nerve) tó lọ sí apá mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n yẹ ọrùn wò kí wọ́n tó gún ohunkóhun, kí o sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni tìrẹ,
Ṣadé