Ẹ bi àwa tó ń gbé etí páàkì kí ẹ tó dáná sí pápá

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Old Oyo National Park, igbó ẹran tí ìjọba ń dáàbò bò, ni mo bá wá. Ìgbòho ni wọ́n bí mi sí, ọdẹ ni bàbá mi, etí igbó yẹn ni wọ́n lo ayé wọn sí, àwọn fúnra wọn ló sì sọ fún wa pé ká má wọ ibẹ̀ ṣọdẹ mọ́ torí wọ́n fojú ara wọn rí i pé ẹran ń tán. Torí náà mi ò ní kí wọ́n ṣí igbó sílẹ̀ fún wa o. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn tó ń ṣàkóso páàkì máa pè wá síbi tí wọ́n ti ń gbèrò, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ti parí ẹ̀ tán.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ iná pápá. Páàkì yẹn fẹ̀ ju 2,500 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, koríko ló sì pọ̀ níbẹ̀. Tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, bíi November, tí koríko ò tíì gbẹ tán, iná tí wọ́n bá dá nígbà yẹn á rọra jó ni, tó bá kan ibi tútù á kú fúnra ẹ̀, ẹran á ráyè sá, koríko tuntun á sì hù tí wọ́n máa jẹ. Àmọ́ tó bá di February tí ọyẹ́ ti fẹ́ gbogbo ẹ̀ gbẹ, iná kékeré tí ẹnì kan fi lé òkété jáde lè jó débi tí ẹnikẹ́ni ò rò, á jó igi, á jó ẹyin ẹyẹ, á jó ọmọ ìgalà tí ò tíì lè sáré, á tún ṣẹ́rí wá jó oko wa. Àwọn rénjà, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ páàkì, mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n ibi tí atẹ́gùn máa ń gbà, odò tó máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, oko ta ló wà lẹ́yìn òkè wo, àgbà ọdẹ ló mọ ìyẹn, kò sì sí nínú ìwé kankan, àfi kéèyàn jókòó tì wọ́n kó bi wọ́n.

Ní Ìgbòho níbí, a ní Igbó Ọba tí wọ́n sin Aláàfin mẹ́rin sí, Ọ̀rọ́ńpọ̀tọ̀ wà nínú wọn. Títí dòní igbó yẹn ṣì wà, torí ará ìlú mọ̀ pé tàwọn ni. Ọ̀yọ́-Ilé gan-an wà nínú páàkì yìí, ahoro àwọn baba wa ni, ṣé ó wá yẹ kó jẹ́ àlejò la máa jẹ́ níbẹ̀?

Kí wọ́n gba àwọn ọmọ Ìgbòho, Ṣẹ́pẹ̀tẹ́rí, Tẹdẹ́ àti Kíṣì síṣẹ́ rénjà. Kí wọ́n wá ṣe mítìnnì lábúlé, lédè Yorùbá, kí òjò tó dá, kí àwọn ọdẹ, àgbẹ̀, àwọn obìnrin tó ń ṣa èso igi òrí àti Fúlàní tó ti bá wa gbé tipẹ́ wà níbẹ̀. Kí wọ́n fún wa ní nọ́ńbà kan tí wọ́n máa gbé. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá ẹ̀gbọ́n mi rí èéfín lápá ibi tí iná ò yẹ kó sí, ó wá ẹni tó máa pè títí kò rí, ọ̀kadà ló gùn lọ sọ fún wọn, kó tó débẹ̀ iná ti fò kọjá odò.

Bàbá mi ti lé ní 80. Ẹsẹ̀ ò gbé wọn lọ síbẹ̀ mọ́, àmọ́ wọ́n ṣì lè júwe gbogbo ojú omi ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n jọ̀ọ́ tètè wá bi wọ́n.