Ẹni tó ń sùn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí ẹ kà mọ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí gègé yín ó gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ìkànìyàn ni mo bá wá. Ààrẹ Buhari sún èyí tó yẹ kó wáyé ní oṣù Karùn-ún 2023 síwájú, ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, wọn yóò kà wá, àwọn àgbà àdúgbò wa sì ti ń múra dè é. Ní ìpàdé onílé, wọ́n ní bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kò, kí olúkálukú ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní Èkó, ní Jọ́ọ̀sì àti níbi yòówù kí wọ́n wà, kí wọ́n wálé, kí iye wa lè pọ̀. Mo dìde, mo ní mi ò fara mọ́ ọn. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín.

Mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ ń pín fún àwọn ìpínlẹ̀, iye ènìyàn ni wọ́n fi ń pín ìdá 30 nínú 100. Nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá, aṣojú kan ṣoṣo ni Ògbómọ̀ṣọ́ Àríwá, Ògbómọ̀ṣọ́ Gúúsù àti Oríire jọ ní. Ó ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àbùmọ́ ti fi ṣe wá. Ní 1952, 139,535 ni wọ́n kà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbàdàn àti Èkó nìkan ló jù wá lọ ní Nàìjíríà nígbà náà. A ju Kánò lọ. Nígbà tó fi máa di 1963, wọ́n ní a ti lé ní 319,000. Ọdún mọ́kànlá péré! Nígbà tó wá di 2006, tí a da Àríwá àti Gúúsù pọ̀, nǹkan bíi 300,000 ló jáde. Ṣé ìlú ń rẹ̀yìn ni? Àwọn tí Ghana lé ní ìparí 1969 ti padà dé láàárín, wọ́n ti kọ́lé, wọ́n ti bímọ. Yunifásítì LAUTECH ti dé ní 1990, apá Under G tó jẹ́ oko tẹ́lẹ̀ ti di ìgboro. Kò sẹ́ni tó lè fi ìwé méjèèjì yìí sọ bí a ṣe ń pọ̀ sí i, nítorí pé ó jọ pé, ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn kì í ṣe òótọ́.

Mo wà lára àwọn tíṣà tó ka ènìyàn ní oṣù Kẹta 2006. Nínú agbo ilé ńlá kan, ìyá àgbàlagbà kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dárúkọ fún mi: ọmọ mẹ́rin, ìyàwó wọn, ọmọ wọn. Mo ní, "Ìyá, ta ló sun ibí lánàá nínú wọn?" Ó ní kò sí, ṣùgbọ́n wọ́n ń bọ̀ nílé ọdún, pé yàrá wọn rèé. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀kan hàn mí. Àga onítìmùtìmù tí wọ́n fi aṣọ bò wà níbẹ̀, kò sí bàtà ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo ṣe ń jáde ni mo gbúròó ọmọ ọwọ́ lẹ́yìnkùlé. Ìdílé Ẹ̀gùn kan ló wà ní yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, bàbá, ìyá àtàwọn ọmọ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ wọn fún mi. Ìyá ní, "Àwọn ìyẹn? Alágbàṣe ni wọ́n, wọn kì í ṣe ara wa." Mo kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀ kí n tó kúrò níbẹ̀.

Irú wọn pọ̀ ju bí a ṣe ń rò lọ. Àwọn Hausa wà ní Sábó tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá wọn sí. Àwọn Ìgbò tó ń ta sípéèpáàtì wà, àwọn Àgàtú àti Tífì tó ń roko fún wa wà, àwọn Fúlàní tó ń gbé wàrà wọ ọjà wà. Ìkànìyàn 2006 kò béèrè ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn, nítorí náà ẹni tó bá ń sọ iye àlejò tó wà láàárín wa, àbá ló ń dá. Èmi ò tilẹ̀ fẹ́ ká máa pè wọ́n ní àlejò mọ́. Bí a kò bá kà wọ́n, gbogbo wa ló ń kàn: ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan nítòsí wa, abẹ́rẹ́ àjẹsára máa ń tán kí oòrùn tó kàn tàrí, ọmọ ìyá Ẹ̀gùn àti ọmọ tiwa a sì jọ padà sílé láìgbà á.

Ìwé ìjọba tún sọ pé ọkùnrin ju obìnrin lọ ní Nàìjíríà ní 2006, mílíọ̀nù 71 ó lé sí mílíọ̀nù 69 ó lé. Nínú àwọn agbo ilé tí mo kà, ìyá arúgbó àti ọmọ-ọmọ ni mo bá jù. Àwọn géńdé ti lọ wá owó. Bí a bá pe àwọn géńdé náà wálé fún ìkànìyàn, ìwé yóò sọ pé ìlú ọ̀dọ́ ni wá, kò sì ní sẹ́ni tí yóò rántí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn ìyá wa.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ńkọ́? Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n ti LAUTECH pa láàárín 2016 sí 2017, tí àwọn olóúnjẹ Under G ká agbada wọn nílẹ̀. Mo bẹ NPC, àjọ tó ń ka ènìyàn, kí wọ́n má fi ìkànìyàn sí àkókò ìsinmi àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Mo bẹ Kábíyèsí Ṣọ̀ún, àwọn ìmáàmù àti àwọn pásítọ̀ wa, kí wọ́n bá wa kéde rẹ̀ pé ọmọ tó wà ní Jọ́ọ̀sì, kí wọ́n kà á ní Jọ́ọ̀sì, níbi tó ti ń mu omi, tó sì ń san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin onílé ẹlẹgbẹ́ mi, bí àwọn akànìyàn bá dé, ẹ má ṣe dá wọn dúró sẹ́nu géètì. Ẹ mú wọn dé ẹ̀yìnkùlé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
Arówómọlé, Ògbómọ̀ṣọ́.