Lẹ́tà sí àwọn òbí mi nípa adágún tí à ń gbé létí rẹ̀

Ontario, Kánádà
Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ̀yin òbí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo sì kí ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn àbúrò mi gbogbo. Àlàáfíà ni a wà, àwọn ọmọ ọmọ yín ń dàgbà, èmi àti ìyàwó mi sì wà lẹ́nu iṣẹ́ wa. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lórí fóònù, Bàbá béèrè ìdí tí mi ò fi í sí nílé ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ Sátidé, mo sì dáhùn pé iṣẹ́ adágún ni. Ìyá wá béèrè pé ta ni ó gbé iṣẹ́ náà fún mi, àti pé èló ni wọ́n ń san. Kò sí ẹni tó gbé e fún mi, wọn kì í sì í san kọ́bọ̀. Àlàyé rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè sọ tán lórí fóònù, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Adágún tí ilé wa wà létí rẹ̀ kò tóbi tó èyí tí ẹ óò rí lórí àwòrán ilẹ̀ ayé. Adágún tó wà ní ẹkùn Ontario nìkan lé ní 250,000, ìjọba kò sì lè rán òṣìṣẹ́ lọ máa ṣọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá ètò kan sílẹ̀ ní ọdún 1996, tí wọ́n pè ní Lake Partner Program, nínú èyí tí ìjọba ń pèsè ìgò àti irinṣẹ́, tí àwọn tó ń gbé létí omi sì ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìdíwọ̀n. Àwa olùgbé etí adágún yìí ní ẹgbẹ́ tiwa, ẹgbẹ́ náà ni ó sì ń pín iṣẹ́ fún oníkálùkù. Ẹni tí kò bá lè wọ ọkọ̀ lè kọ ìwé. Ẹni tí kò fẹ́ràn ìwé lè ru igi.

Ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ mọ bí omi ṣe mọ́ tó, aládùúgbò mi kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni ó máa ń wa ọkọ̀, èmi ni mo sì máa ń di okùn mú. Àwo pẹrẹsẹ kan ni ó wà ní ìdí okùn náà, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n pín ojú rẹ̀ sí mẹ́rin, wọ́n kun méjì ní dúdú, méjì ní funfun. A óò lọ síbi tí omi ti jìn jù, a óò ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, a óò pa ẹ́ńjìnnì, èmi yóò sì bọ́ awò dúdú kúrò lójú mi, nítorí ẹni tó bá fi awò oòrùn wo omi kò ní rí ohun tó wà níbẹ̀ bí ó ṣe rí gan-an. Lẹ́yìn náà ni màá sọ àwo náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tí òjìji bò. Funfun rẹ̀ yóò kọ́kọ́ di àwọ̀ ewé, yóò wá dà bí ẹfun tó rẹ̀ dànù, lẹ́yìn náà yóò pòórá. A óò kọ iye mítà tó lọ sílẹ̀, a óò fà á sókè títí yóò fi tún hàn, a óò kọ ìyẹn náà, a óò sì mú àárín àwọn méjèèjì. Angelo Secchi, àlùfáà Kátólíìkì ọmọ Ítálì tó tún jẹ́ onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ni ó fi irú àwo yìí wọn omi òkun ní ọdún 1865. Funfun ni tirẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn ni wọ́n fi dúdú kún un. Mo fẹ́ràn irinṣẹ́ yìí nítorí pé ọmọdé lè lò ó, àgbà lè lò ó, kò sì nílò iná mànàmáná.

Ìdíwọ̀n kejì kò sí lọ́wọ́ wa pátápátá. Ní oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn tí yìnyín bá ti yọ́, omi òkè àti omi ìsàlẹ̀ máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé ohun tí a bá bù nígbà náà lè ṣojú fún gbogbo adágún. A óò bu omi náà sínú ìgò, a óò fi ránṣẹ́ sí ilé ìyẹ̀wò ti ìjọba, wọn yóò sì sọ iye fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó wà nínú rẹ̀ fún wa. Èròjà yìí wà nínú ajílẹ̀, nínú ìgbẹ́ ènìyàn àti ti ẹranko, àti nínú erùpẹ̀ tí ọ̀gbàrá ń wọ́ lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ohun alààyè inú omi nílò. Bí ó bá ti kọjá ìdá 20 nínú mílíọ̀nù kan gíráàmù nínú lítà omi kan, ewédò, àwọn ohun alààyè tíntìntín tó ń hù nínú omi, yóò bẹ̀rẹ̀ sí pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ojú omi yóò di àwọ̀ ewé, yóò máa yọ̀, yóò sì máa rùn. Irú kan nínú wọn tún ní májèlé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà, tó ń fa omi mímu láti inú Adágún Erie, ní láti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn tó tó nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù pé kí wọ́n má ṣe mu omi ẹ̀rọ, kí wọ́n má sì sè é, nítorí iná kì í pa májèlé náà.

Mo mọ̀ pé Bàbá yóò béèrè bí wọ́n ṣe mọ̀ pé èròjà yìí gan-an ni ọ̀daràn. Ontario yìí náà ni wọ́n ti fi ojú rí i. Láti ọdún 1968 ni àwọn adágún kan ti wà ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn ẹkùn yìí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí. Ní ọdún 1973, onímọ̀ nípa adágún kan, David Schindler, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ta aṣọ ìkélé ńlá kan sí ìbàdí ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní Adágún 226, ó sì pín in sí méjì. Wọ́n da èròjà méjì mìíràn, káábọ́ọ̀nù àti náítírójìn, sí apá méjèèjì, ṣùgbọ́n apá kan ṣoṣo ni wọ́n fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kún. Apá yẹn di àwọ̀ ewé bí ẹni kun ún ní ọ̀dà. Èkejì wà bí ó ṣe wà. Àwòrán tí wọ́n yà láti inú bàálù ni a gbé kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn ìpàdé wa, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ jiyàn, a máa ń ní kí ó kọ́kọ́ lọ wò ó ná. Láti ọdún 2010 ni òfin Kánádà kò ti gbà kí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ọṣẹ ìfọṣọ àti ọṣẹ ìfọwo inú ilé ju ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Òfin lè dé orí ọṣẹ, ṣùgbọ́n iwájú ilé onílé le díẹ̀. Àwọn kan fẹ́ kí koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ bẹẹrẹ lọ láti ẹnu ọ̀nà títí dé inú omi, wọn a sì máa da ajílẹ̀ sí i kí ó lè tutù yọ̀yọ̀. Bí òjò bá rọ̀, ajílẹ̀ náà di ti gbogbo wa. Àwọn baba wa sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru, mo sì rò pé adágún ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n pa òwe yẹn. Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí oníkálùkù fi etí omi sílẹ̀ fún igbó kékeré àti igi tó hù fúnra rẹ̀, kí gbòǹgbò wọn lè di erùpẹ̀ mú, kí wọ́n sì lè gba ìdọ̀tí kí ó tó dé inú omi. A ti ṣàlàyé títí, a ti pín ìwé. Ìgbẹ́ ẹyẹ ni ó ràn wá lọ́wọ́ jù. Ẹyẹ ńlá kan wà tó jọ pẹ́pẹ́yẹ, tí wọ́n ń pè ní gúúsì, tó fẹ́ràn koríko gígé tó lọ tààrà sínú omi, nítorí ó ń rí ọ̀tá láti òkèèrè. Bí igbó bá ga létí omi, ẹ̀rù a máa bà á láti gòkè. Àwọn tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò wọ̀ létí ti gbin igi nítorí kí wọ́n má baà máa gbá ìgbẹ́ gúúsì lójoojúmọ́. Ọkùnrin kan wà láàárín wa tí kò tíì gbin nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti dẹ́kun dída ajílẹ̀, ìdajì ìṣẹ́gun ni mo sì ka ìyẹn sí.

Nípa kòtò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ, a kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó kún jù, a sì ní láti máa pe àwọn tó ń gbọ́n ọn kí ó tó dá wàhálà sílẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn láti máa sọ ọ̀rọ̀ yìí nípàdé, nítorí náà akọ̀wé wa máa ń ka a kíákíá, a ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju ajílẹ̀ lọ ni àlejò tí a kò pè. Ní ọdún 1988 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ẹ̀dá kékeré oníkarahun kan, tí ara rẹ̀ ní ìlà, nínú Adágún St. Clair, omi tí àwọn ọkọ̀ ńlá rù wá láti Yúróòpù ni ó gbé e dé. Ó ń lẹ̀ mọ́ àpáta, mọ́ páìpù, mọ́ ìdí ọkọ̀, ó sì ń sẹ́ omi débi pé omi náà yóò mọ́ gaara. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà, nítorí oúnjẹ àwọn ẹja kéékèèké ni ó ń sẹ́ kúrò, àwo wa yóò sì lọ jìnnà kí ó tó pòórá, bẹ́ẹ̀ adágún ń ṣàìsàn. A kò tíì rí i nínú tiwa. Láti ọdún 2022 ni òfin Ontario ti fi dandan lé e pé ẹni tó bá fẹ́ fi mọ́tò fa ọkọ̀ ojú omi gba ojú títì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú ìdérí ìdí rẹ̀, kí omi inú rẹ̀ dà nù, kí ó sì ṣa gbogbo ewé tó lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń dúró níbi tí ọkọ̀ ti ń wọ omi, pẹ̀lú korobá àti búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń bá àwọn àlejò fọ ọkọ̀ wọn. Àkọ́bí mi wà lára wọn, ó sì mọ ọ̀rọ̀ í bá àgbà sọ tí àgbà kò fi ní bínú.

Kí ẹ má baà rò pé làálàá nìkan ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìgbádùn. Ní ìgbà ooru, gbogbo wa máa ń ṣe ìdíje ọkọ̀ alájẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìdílé sí ìdílé, ìyàwó mi sì ti ṣe ipò kejì rí. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní loon máa ń ké lójú omi, ohùn rẹ̀ á jọ ti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tó tún ń sunkún. Òun ni àwòrán rẹ̀ wà lára owó onírin dọ́là kan ilẹ̀ yìí láti ọdún 1987. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn púpọ̀ débi pé kò lè rìn dáadáa lórí ilẹ̀, etí omi gan-an ni ó sì ń yé sí, tó fi jẹ́ pé ìgbì ọkọ̀ tó bá sáré kọjá lè gbá ẹyin rẹ̀ lọ. Òfin sọ pé ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ ju kìlómítà 10 ní wákàtí lọ tí kò bá ju mítà 30 sí etí ilẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́pàá lójú omi wa, ọ̀rọ̀ eré sísá yìí sì ni ó máa ń dá ariwo sílẹ̀ jù nínú ìpàdé. Ẹni tó fẹ́ sáré ní ẹ̀tọ́ sí adágún bí ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Èrò tèmi ni pé àárín omi fẹ̀ tó fún eré. Kí wọ́n fi etí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹyẹ àti ọmọdé.

Ìyá, ọkàn yín kò balẹ̀ nípa àwọn ọmọ, mo mọ̀. Wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, wọn kì í sì í wọ ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù amúniléfòó. Ní ìgbà òtútù, nígbà tí ojú adágún bá dì, ẹgbẹ́ wa máa ń gbẹ́ ihò ní ibi púpọ̀ láti wọn bí yìnyín ṣe nípọn tó. Bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 10, kò sí ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ wá kí wa, oṣù Keje ni ó dára jù, nítorí omi ti lọ́wọ́ọ́rọ́ nígbà náà, kòkòrò tó ń jẹni sì ti dín kù díẹ̀. Aládùúgbò mi ti ṣèlérí pé òun yóò fi ọkọ̀ gbé yín yípo, Bàbá yóò sì di okùn àwo náà mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè jẹ́ kí n mọ ọjọ́ tí ẹ óò wá, kí n lè bá ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ sọ ọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọmọ yín tó nífẹ̀ẹ́ yín.