Ọ̀rọ̀ ilé yín l'Ádó

Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù Ìlú Ọba o. Mo gba Baṣírì kọjá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo yà sí ilé yín. Wọ́n ti ń kan páànù. Àbúrò ọkọ rẹ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ń ka ìṣó fún àwọn káfíńtà bí ẹni ń ka owó. Ọmọ gidi ni, n kò bá a jà.

Ṣùgbọ́n ohun tó o sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi, pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti fún un ní pawa ọ́fù atọ́nì, ìyẹn ìwé àṣẹ láti ṣe nǹkan lórúkọ yín, kò séwu. Ewu wà o! Ọjọ́ tí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé yẹn bá kú, iṣẹ́ ìwé náà parí. Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tí ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé. Àbúrò ọkọ ṣì ń fi fọ́tòkọ́pì irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó wà nínú láílọ́ọ̀nù gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé.

Lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún, ẹ ṣe lasting power of attorney, ìyẹn ìwé àṣẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ bí ọpọlọ ẹni kò bá pé mọ́, fún ara yín nígbà tí ọpọlọ yín ṣì pé: ọ̀kan fún owó àti ilé, ọ̀kan fún ìtọ́jú ara. Báńkì ò ní torí pé ìwọ ni ìyàwó kó owó ọkọ rẹ lé ọ lọ́wọ́. Ìyẹn náà kì í kọjá ikú.

Ìwé ìhágún ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹni. Bí kò bá sí, àwọn àgbà ẹbí á jókòó: ṣé ìdí igi ni, kí wọ́n pín in ní iye ìyàwó, àbí orí-ò-jorí, kí wọ́n pín in ní iye ọmọ? Nínú àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Lóòótọ́, ẹ ṣe ìgbéyàwó kóòtù, òfin wà lẹ́yìn rẹ, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa ka òfin fún ẹbí ọkọ lọ́jọ́ kẹjọ òkú? Kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀ pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ sí i. Ẹ má fi ẹni tí ẹ fẹ́ fún ní nǹkan ṣe ẹlẹ́rìí, tàbí ìyàwó rẹ̀, kí ẹ̀bùn náà má bàa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ ò tíì pé ọdún 18. Ẹ yan alámòójútó ohun ìní méjì sínú ìwé ìhágún náà, ohun tí lọ́yà ń pè ní trust nìyẹn, kí ilé wà níkàáwọ́ wọn, kí owó ilé máa san owó ilé ìwé. Kí ọ̀kan jẹ́ ará ilé tìrẹ. Mo mọ̀ pé ọkọ rẹ á ráhùn díẹ̀. Ṣáà sọ ọ́.

Fi ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Lọ́yà ń béèrè bóyá orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ló wà níbẹ̀.

Bá mi kí Tómi.

Èmi ni,
Fọlákẹ́