Lẹ́tà sí Àjàní, tó ti gba fọ́ọ̀mù káńsẹ́lọ̀

Àjàní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá rẹ sọ fún mi pé o ti gba fọ́ọ̀mù káńsẹ́lọ̀. Inú mi dùn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí níkùn.

Ọkùnrin kan wà ní ìpínlẹ̀ Wyoming, l'Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Clifford Hansen. Ọdún 1912 ni wọ́n bí i. Akólòlò ni, bíi tìrẹ. Àwọn òbí rẹ̀ tilẹ̀ rán an lọ sílé ẹ̀kọ́ àwọn akólòlò ní Indianapolis. Màlúù ló ń sìn ní Jackson Hole. Ó wọ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ó di gómìnà ní 1963, ó di sẹ́nétọ̀ ní 1967 títí di 1978. Akólòlò, Àjàní!

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Ní 1943, Ààrẹ Roosevelt kéde pé ilẹ̀ tó lé ní 200,000 éékà ní Jackson Hole ti di ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ yóò máa dáàbò bò. Hansen àtàwọn ọlọ́sìn màlúù fárígá. Wọ́n ní ẹran àwọn ò ní ríbi jẹko mọ́, owó orí ilẹ̀ tó ń wọlé fún ìbílẹ̀ yóò sì dín kù. Mi ò bá wọn wí. Ta ni wọ́n máa dí lọ́nà oúnjẹ tí kò ní pariwo? Wọ́n da ọgọ́rọ̀ọ̀rún màlúù gba orí ilẹ̀ náà láìtọrọ àyè, Wallace Beery òṣèré sinimá wà láàárín wọn. Síbẹ̀, ní 1950, èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà di ara ọgbà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Grand Teton.

Nígbà tó yá, Hansen jẹ́wọ́ ní gbangba pé òun ló ṣìnà, pé inú òun dùn pé àwọn fìdí rẹmi. Orúkọ rẹ̀ ò bàjẹ́ síbẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Matt Mead, di gómìnà ìpínlẹ̀ yẹn ní 2011.

O rántí ọ̀rọ̀ ọjà? Ìwọ lo kó àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn pé wọn ò gbọdọ̀ gbé e kúrò lẹ́bàá títì. Wọ́n gbé e. Mọ́tò ò gbá oníṣòwò kankan mọ́ láti ìgbà náà. O sọ fún mi nínú yàrá pé o ṣì í, o ò tíì sọ ọ́ fáwọn tó ni ọjà.

Ìyálọ́jà á wà nípàdé ọjọ́ Sátidé. Sọ ìyẹn fún wọn kó o tó tọrọ ìbò. Bí ahọ́n rẹ bá há, má sáré. Wọ́n á dúró dè ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ