Kì í ṣe sísè ni lésà ń se omi pọ́límà: àtúnṣe sí ìròyìn yín

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ kẹ́mísírì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní Èbúté Mẹ́ta, mo sì máa ń ra ìwé ìròyìn yín láràárọ̀. Ìròyìn tí ẹ gbé jáde nípa bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà dá ẹ̀kán sílẹ̀ nínú omi tí pọ́límà ti yòrò dùn mọ́ mi nínú, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń kan àwa tí à ń ka Yorùbá. Ṣùgbọ́n akọ̀ròyìn yín ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni pé ńṣe ni lésà ń se omi náà títí tí nǹkan fi dì nínú rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ní ọ̀rọ̀ sí.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú ni ọ̀pọ̀ ará Èkó ti mọ lésà, níbi tí wọ́n ti ń fi í kọ orúkọ sára igi tí èéfín sì ń rú túú. Ẹni tó bá ti rí ìyẹn yóò rò pé jíjó nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀.

Pọ́límà ni ohun tí mólékù rẹ̀ gùn bí ẹ̀wọ̀n, tí ègé kéékèèké so kọ́ra léraléra. Hermann Staudinger, ará Jámánì, ló sọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1920 nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà, ìgbà tó sì di 1953 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Nínú ìkòkò wa, irú ẹ̀wọ̀n gígùn bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ilá àti ewédú máa yọ̀. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ gé ilá sínú omi, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n da omi yíyọ̀ náà sínú ife gíláàsì, kí n wá rọra da sípíríìtì lé e lórí, kí ó tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, ohun funfun kan bí òwú a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ẹ óò sì lè fi igi ìṣáná wé e jáde. A kò dáná kankan. Ilá àti omi tó ti ń jọ gbé ni àlejò wọ àárín wọn, tí wọ́n sì kọ ara wọn sílẹ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má fi èyí wé omidùn orí ògì o, ògì kò yòrò sínú omi rí, ó kàn rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ni.)

Irú ìkọ̀sílẹ̀ yìí ni lésà ń fà, láìfi nǹkan kan kún omi, ní ojú kan ṣoṣo tí ìbú rẹ̀ lè má ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà lọ.

Mo gbà pé ooru lè ṣe é nígbà mìíràn. Pọ́límà kan wà tí wọ́n ń pè ní PNIPAM, tí ń yòrò nínú omi tútù, ṣùgbọ́n tí ń kọ omi sílẹ̀ bí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ẹ bá gbé ife rẹ̀ sójú fèrèsé ní Èkó lọ́sàn-án oṣù kẹta, yóò funfun bí omi ẹ̀kọ kí ẹ tó jẹun tán. Omi lásán máa ń mu díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ lésà tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 1064, èyí tí ojú wa kò lè rí, a sì móoru. Nítorí náà, bí wọ́n bá tan irú lésà bẹ́ẹ̀ sínú omi PNIPAM, ooru lọ́wọ́ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ kan ní Japan, tí Hiroshi Masuhara wà lára wọn, kò dúró síbẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1990 sí 1999, wọ́n fi omi tí háídírójìn inú rẹ̀ jẹ́ irú tó wúwo rọ́pò omi lásán, nítorí omi wíwúwo yìí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mu ìmọ́lẹ̀ náà rárá. Síbẹ̀, pọ́límà náà ṣù jọ sí ojú ibi tí lésà mọ́lẹ̀ sí.

Ẹ̀rí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù wá láti Yunifásítì Glasgow, níbi tí Finlay Walton àti Klaas Wynne ti tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2018. Kì í ṣe pọ́límà ni wọ́n lò, nitrobenzene àti decane ni, ohun olómi méjì tí ooru ń mú kí wọ́n pò mọ́ra sí i, tí òtútù sì ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n gbé e sí bèbè ìpínyà, níbi tí ó kù díẹ̀ kí méjèèjì túká, wọ́n wá tan lésà sí i. Ẹ̀kán nitrobenzene yọ lójú ìmọ́lẹ̀ náà. Bí wọ́n bá sì pa lésà, a tún yòrò padà. Ẹ wò ó dáadáa: bó bá jẹ́ pé sísè ni lésà ń se é, ńṣe ni ó yẹ kí wọ́n túbọ̀ pò mọ́ra, kì í ṣe kí wọ́n pínyà.

Kí ló wá ṣe é? Fífà ni. Ohun tó bá ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ju ohun tó yí i ká lọ, bí omi inú korobá ṣe ń mú kí igi tó tọ́ dà bí èyí tó ṣẹ́, ni ìmọ́lẹ̀ lésà máa ń fà wá síbi tó ti mọ́lẹ̀ jù. Arthur Ashkin ará Amẹ́ríkà ló fi èyí gbá nǹkan kéékèèké mú ní 1986, ẹni ọdún 96 sì ni nígbà tí ẹ̀bùn Nobel tirẹ̀ dé ní 2018. Ẹ̀mú ni wọ́n fi wé, bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, àyàfi pé ìmọ́lẹ̀ ni apá rẹ̀ méjèèjì. Ẹ̀mú yìí kò lágbára púpọ̀; ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tó ti wà ní bèbè nìkan ló lè tì ṣubú.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí ìròyìn yín fi parí, pé èyí yóò mú ìwòsàn wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀. Òótọ́ ni pé Clifford Brangwynne, Anthony Hyman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn ní 2009 pé irú ẹ̀kán bẹ́ẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì aràn kékeré kan, òótọ́ sì ni pé pọ́límà ni purotéènì. Ṣùgbọ́n oògùn kankan kò tíì ti inú ẹ̀mú yìí jáde.

Nígbà tí ẹ bá tún máa kọ ọ́, ẹ pè é ní ẹ̀mú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi iná sílẹ̀ fún àwọn ará Ṣómólú. Bí akọ̀ròyìn yín bá sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ti ilá, ilé mi kò jìnnà sí ọjà Oyingbo. Sípíríìtì wà nílé. Kí ó ra ilá dání.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Èbúté Mẹ́ta, Èkó.