Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì tó yẹ kó wà nípamọ́ nílé kọ̀ọ̀kan

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ń kọ ìwé yìí sí yín nítorí ọ̀rọ̀ kan tí a kì í sọ àfi nígbà tí ẹ̀pa kò bá bóró mọ́: iye oúnjẹ tó wà nínú ilé wa lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dí, tí wọ́n bá ti ọjà pa, tàbí tí owó bá wọ́n lóde. Èrò mi ni pé kò yẹ kí ilé kankan, bó ti wù kó kéré tó, wà láìní oúnjẹ gbígbẹ àti omi tó lè gbé e fún ọ̀sẹ̀ méjì, àti pé ọ̀pọ̀ ìdílé lè dé ibẹ̀ láìjẹ gbèsè bí wọ́n bá mọ ohun tí wọn ó rà, ìgbà tí wọn ó rà á àti bí wọn ó ṣe tọ́jú rẹ̀.

Ohun tí ojú gbogbo wa ti rí ni mo ń tọ́ka sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2020, tí í ṣe ọjọ́ Àìkú, ni Ààrẹ Buhari kéde pé kónílé-ó-gbélé yóò bẹ̀rẹ̀ nítorí àrùn Kòrónà ní ìpínlẹ̀ Èkó, ìpínlẹ̀ Ògùn àti Àbújá ní aago 11 alẹ́ ọjọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ dá fún un, wọ́n tún fi ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn lé e, oṣù Karùn-ún sì ti wọlé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, nígbà ìwọ́de EndSARS, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde kónílé-ó-gbélé tọ̀sán-tòru ní ọjọ́ 20, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì ní kó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 2021, rògbòdìyàn ọjà Ṣáṣá bẹ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya dáwọ́ kíkó ọjà wá sí ọ̀dọ̀ wa dúró, tí wọ́n ń dá àwọn ọkọ̀ ẹrù padà ní Jẹ́bà, tí owó àlùbọ́sà, ata àti tòmátò sì fò sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àgbàrá òjò bo ọ̀nà Lọ́kọ́ja mọ́lẹ̀, tí ọkọ̀ epo àti ọkọ̀ oúnjẹ tò sójú títì láìlè lọ síwájú, láìlè padà sẹ́yìn.

Lójú tèmi, ọ̀wọ́ngógó owó náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ló yẹ kó là wá lójú jù. Oúnjẹ wà lọ́jà nígbà náà, owó àwọn ènìyàn sì wà ní báńkì, síbẹ̀ ẹni tó fẹ́ ra gàrí kò rí náírà gbà, ìyá tó ń tà á kò sì ní ohun tí yóò fi gba owó orí fóònù. Ẹni tí kò ní nǹkan kan nínú ilé ń fi owó ra owó lọ́wọ́ àwọn oní-POS kí ọmọ rẹ̀ lè jẹun. Ilé tó ní ẹ̀wà àti gàrí nípamọ́ ráyè mú sùúrù títí owó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Àwọn kan yóò ní ìjọba ló yẹ kó ṣe é. Ojúṣe ìjọba ni lóòótọ́, n kò sì ní dá wọn láre níbi tí wọ́n bá ti jáfara, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n gógó ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n kó 42,000 tọ́ọ̀nù ọkà jáde láti inú àká ìjọba. Bí a bá pín in dọ́gba fún àwa ọmọ orílẹ̀-èdè yìí tí a lé ní mílíọ̀nù 200, ohun tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin kílò kan. Oúnjẹ ọjọ́ kan ni, bí onítọ̀hún bá ṣún un jẹ. Ẹ ò sì ní gbàgbé pé oúnjẹ ìrànwọ́ Kòrónà ṣì wà nínú ilé ìkẹ́rùsí ní Mazamaza, l'Ékòó, nígbà tí èrò já wọ ibẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020.

Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Mo rọ̀ wá pé ká má fi fírísà bẹ̀rẹ̀. Fírísà tó kún dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, kò lè mú ẹran dì ju nǹkan bí ọjọ́ méjì lọ lẹ́yìn tí iná bá lọ, gbogbo wa la sì mọ bí iná ìjọba ṣe ń dákú lemọ́lemọ́ ní ọdún 2024. Ohun tó gbẹ ni ká gbójú lé. Àwọn ìyá wa mọ èyí. Wọn a máa so àgbàdo pẹ̀lú háhá rẹ̀ mọ́ àjà lókè ààrò kí èéfín lè lé kòkòrò sá, wọn a sá ilá, wọn a sá ata, wọn a bó iṣu, wọn a bọ̀ ọ́, wọn a sì sá a títí yóò fi máa ró ko-ko bí a bá gbá a jọ. Ohun tí a ń jẹ lójoojúmọ́ ni ká pamọ́, nítorí pé oúnjẹ àjèjì tí a rà nítorí ọjọ́ ìpọ́njú nìkan yóò wà níbẹ̀ títí yóò fi bàjẹ́.

Fún ìdílé ẹni márùn-ún, bí a bá dá ìdajì kílò oúnjẹ gbígbẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, kílò 35 ni yóò tó wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo máa ń pín in báyìí: ìrẹsì kílò 10, gàrí kílò 10, ẹ̀wà kílò 10, èlùbọ́ kílò 5. Lẹ́yìn èyí ni epo pupa bíi lítà mẹ́ta, iyọ̀ kílò kan, ẹja gbígbẹ, edé, irú tí a fi iyọ̀ sí tí a sì sá, ẹ̀gúsí, ilá gbígbẹ àti ata gbígbẹ. Gàrí ni mo fi ṣáájú gbogbo wọn, torí ọjọ́ tí gáàsì bá tán tí kò sí èédú, omi tútù nìkan ló fẹ́. Ilé tí aláìsàn ìtọ̀ ṣúgà bá wà kí ó fi kún ẹ̀wà kí ó sì dín gàrí kù. Ilé tó ní ọmọ ọwọ́ kí ó rántí oúnjẹ ọmọ àti oògùn.

Ìpamọ́ gan-an ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni ewu wà. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní Sniper, tí dichlorvos wà nínú rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ kan oúnjẹ rárá. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa èyí tí ìgò rẹ̀ kò ju 100 mílílítà lọ, nítorí ìlòkulò tí àwọn ènìyàn ń lò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbà pé fífọ̀ àti sísè yóò mú oró rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀wà. Bákan náà ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi oògùn oníkóró tí wọ́n ń fi sí àpò ọkà sínú ilé tí ènìyàn ń sùn sí, nítorí gáàsì tó ń tú jáde lára rẹ̀ ń pa ènìyàn.

Oòrùn tí Ọlọ́run fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ tó iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ ṣa ẹ̀wà náà, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú sórí ẹní, kí ẹ da ẹ̀wà sórí rẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ láìnípọn, kí ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, kí ẹ sì fi òkúta tẹ etí rẹ̀ yíká. Bó bá wà bẹ́ẹ̀ láti aago 11 òwúrọ̀ títí di aago 3 ọ̀sán lọ́jọ́ tí oòrùn mú ganrínganrín, ooru abẹ́ ọ̀rá náà yóò pa kòkòrò, yóò sì pa ẹyin rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ara hóró ẹ̀wà àti ìdin rẹ̀ tó fara pamọ́ sínú hóró náà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó tutù délẹ̀ kí ẹ tó dì í. Ẹ̀wà gbígbóná tí a dé mọ́ inú kẹ́ẹ̀gì yóò làágùn, ọ̀rinrin yẹn ni yóò sì mú un bu. Ọgbọ́n inú àpò ìpamọ́ ọkà tí wọ́n ń pè ní PICS, tí Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà gbé jáde, rọrùn láti lóye: ọ̀rá méjì ló wà nínú àpò kan, a ó so ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan le, kòkòrò tó bá kù nínú rẹ̀ yóò mí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán, kò sì ní lè jẹun tàbí kó pamọ mọ́. Ẹni tí kò bá rí àpò náà rà lè lo kẹ́ẹ̀gì tó fọ̀ mọ́ tó sì gbẹ táútáú. Kí ó kún un dé ẹnu kí àyè má ṣẹ́kù fún afẹ́fẹ́, kí ó sì dé e pinpin. Kẹ́ẹ̀gì kékeré mẹ́ta sàn ju ńlá kan lọ, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i ni afẹ́fẹ́ tuntun ń wọlé fún kòkòrò.

Ti àgbàdo tún gba àkíyèsí, nítorí bí kò bá gbẹ dáadáa yóò bu. Ẹ da iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sínú ìgò tó gbẹ, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo sí i, ẹ dé e, kí ẹ mì í fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà ṣì tutù, ẹ dá a padà sóòrùn. Àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó bá ti bu, kí a dà á nù ni, nítorí oró aflatoxin tó lè wà nínú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná ìdáná kì í sì í pa á.

Omi kò gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn. Lítà mẹ́rin lójúmọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, fún mímu àti síse oúnjẹ, yóò jẹ́ lítà 280 fún ìdílé tí mo wí yìí. Kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 méjìlá kájú rẹ̀. Níbi tí omi bá ti ń yalé, ẹ gbé oúnjẹ kúrò nílẹ̀. Àwa tí a gbọ́ ohun tí odò Ògùnpa ṣe ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 kò tún nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ń sọ lọ́kàn, pé níbo ni owó wà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ kó gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ń ra kóńgò gàrí mẹ́ta kí ó ra mẹ́rin lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá dẹ̀ díẹ̀, kí ó kọ oṣù tó rà á sára kẹ́ẹ̀gì, kí èyí tó kọ́kọ́ wọlé sì máa kọ́kọ́ jáde lọ sínú ìkòkò. Ó tún dùn mí pé àjọ tí àwọn obìnrin wa ń dá láti oṣù Kìíní ni a ń fi ra ìrẹsì àti màlúù ọdún tí a ń jẹ tán kí oṣù Kìíní mìíràn tó parí. Bí ìdajì owó àjọ yẹn bá ra ẹ̀wà lápò lápò nígbà ìkórè, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pín in, ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò bọ́ lọ́wọ́ iye tí wọ́n ń tà á nígbà tó bá wọ́n. Ìyàtọ̀ ńlá ló wà láàárín èyí àti ọjà tí oníṣòwò ń kó pamọ́ kó lè wọ́n: abẹ́ bẹ́ẹ̀dì gba ohun tí ìdílé kan nílò, kò sì mú ọjà gbẹ mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín, Olóòtú, pé kí ẹ ya igun kan sọ́tọ̀ nínú ìwé ìròyìn yín lẹ́ẹ̀kan lóṣù, níbi tí ẹ ó ti máa sọ oúnjẹ tó pọ̀ lọ́jà nígbà náà, iye tí wọ́n ń tà á ní ọjà mẹ́ta tàbí mẹ́rin nílẹ̀ Yorùbá, àti bí a ṣe ń gbẹ ẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí lórí ìpamọ́ irè oko, tí a mọ̀ sí NSPRI, wà ní Ìlọrin nítòsí wa. Mo gbà pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn yóò dáhùn bí akọ̀ròyìn yín bá tọ̀ wọ́n lọ. Bí ẹ bá lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí ẹ̀wà tuntun bá ń wọlé láti Òkè Ọya, ti tòmátò àti ata yóò lè tẹ̀ lé e nígbà ọyẹ́, tí wọ́n bá pọ̀, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì wà láti fi sá wọn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ilé tó ti fẹ̀yìn tì,
Òṣogbo.